Fáìlì Iṣẹ́ Olóòtú Fíìmù: Ìbàjẹ́ àti Ìpamọ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé nígbà tí olóòtú fíìmù bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, àwòrán gan-an ni ó ń gé tí ó sì ń lẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láyé ọjọ́un tí wọ́n ń fi abẹ gé fíìmù. Lóde òní, olóòtú kì í gé ohunkóhun. Àwòrán wà ní odindi níbi tí wọ́n kó o sí. Àkọsílẹ̀ ni olóòtú ń ṣe: mú àwòrán kìíní láti ibí dé ibí, fi ìkejì tẹ̀ lé e, rẹ ohùn ìlù sílẹ̀ níhìn-ín. Àkọsílẹ̀ yìí ni à ń pè ní fáìlì iṣẹ́. Ó dà bí ìwé tí aránṣọ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Ìwé náà kì í ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n bí ó bá sọnù, òkìtì aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí yóò ṣe gé e ni yóò kù nílẹ̀.

Kí ni ó wá ń ba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jẹ́? Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kí iná lọ, tàbí kí ẹnì kan fa díráìfù yọ, ní àkókò náà gan-an tí kọ̀ǹpútà ń kọ fáìlì sílẹ̀. Apá kan wọlé, apá kan kò wọlé. Fáìlì Premiere Pro, fún àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ kíkọ tí a fún pọ̀ ni. Bí ìparí rẹ̀ kò bá sí, ètò náà lè kọ odindi rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ bí i Nàìjíríà, níbi tí iná kì í dágbére kí ó tó lọ, kò yẹ kí olóòtú ṣiṣẹ́ láìní bátìrì tí yóò gbé kọ̀ǹpútà ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí ó ti bàjẹ́ pàápàá ń fẹ́ ẹ̀sọ̀. Kí olóòtú má ṣe máa ṣí fáìlì náà léraléra. Kí ó da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, kí ó sì máa tọ́jú ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà, kí ó wo bí fáìlì náà ti tóbi tó. Bí ó bá jẹ́ òdo, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Kí ó lọ wá èyí tí ètò náà ti ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀. Premiere Pro sábà máa ń kó tirẹ̀ sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì iṣẹ́. Avid Media Composer ń kó tirẹ̀ sínú èyí tí ó ń jẹ́ Avid Attic. Bí fáìlì náà bá ní ìwọ̀n, kí ó ṣí iṣẹ́ tuntun, kí ó sì máa fa ti àtijọ́ wọ inú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Nígbà mìíràn, ibì kan ṣoṣo ni àrùn wà.

Ṣùgbọ́n inú díráìfù kan náà ni ìpamọ́ yìí sábà máa ń wà. Ẹni tí ó kó ẹ̀dà mẹ́wàá sínú díráìfù kan, ẹyọ kan ni ó ní. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ni ó mú kí ìlànà yìí gbajúmọ̀: ẹ̀dà 3, lórí irú ohun ìpamọ́ 2, kí 1 sì wà ní ibòmíràn.

A tún gbọ́dọ̀ máa ṣí ẹ̀dà wò. Ní ọdún 1998, ní ilé-iṣẹ́ Pixar ní California, ẹnì kan ṣèèṣì pa àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àwọn fáìlì Toy Story 2 sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́. Fìlà Woody ni wọ́n kọ́kọ́ rí tí ó ń pòórá. Wọ́n sáré pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìpín 90 nínú 100 ti lọ. Wọ́n ní téèpù ìpamọ́; téèpù náà ti ń kùnà láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó dán an wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, Galyn Susman, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹ̀dà wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kì í ṣe nítorí òfin ìpamọ́ kankan, bí kò ṣe nítorí ọmọ. Wọ́n fi kúbùsù wé ẹ̀rọ náà, wọ́n dè é mọ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì rọra gbé e dé ibi iṣẹ́.