Ayálégbé Ni Kí Onílé Kọ́kọ́ Wá, Kí Ó Tó Wá Ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé àkọ́kọ́ tí yóò fi gba ayálégbé ní agbègbè Ìbàdàn ni ó máa ń sáré lọ síbi tí ilẹ̀ ti dínwó, láì kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò gbé inú ilé náà àti ibi tí onítọ̀hún ti ń ríṣẹ́ jẹ. Ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn.

Ajíbọ́dẹ wà lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Nítorí pé ibùgbé inú ọgbà kò gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, yàrá kan tí ó ní balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì, kì í pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó rí ẹni gbà á. Àmọ́ ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022, tí ó gbà tó oṣù mẹ́jọ, fi hàn pé ayálégbé tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé nígbàkúgbà.

Ní Mòníyà, tí ó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò ni ó ń wá rúmù àti pálọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni reluwé Èkó ti ń dé ibẹ̀, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ń ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ ọkọ̀ kọjá kì í san owó ilé, ẹni tí ó jókòó ṣiṣẹ́ ní ìlú ni ó ń san án.

Ìrókò, abúlé kan ní ọ̀nà yìí kan náà, yàtọ̀ pátápátá. Àgbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, ilé ara wọn tàbí ilé ẹbí ni wọ́n sì ń gbé. Bí ilé mílíọ̀nù 15 náírà ní Mòníyà bá ń mú 750,000 wọlé lọ́dún, ogún ọdún gbáko ni yóò fi dá owó rẹ̀ padà, láì tíì yọ owó àtúnṣe àti ti ajẹ́ńtì. Bí a bá wá kọ́ ilé mílíọ̀nù 8 sí Ìrókò, tí ó ń mú 200,000 wá lọ́dún tí ó bá rí ènìyàn, ogójì ọdún ni. Ilẹ̀ Ìrókò dára fún ẹni tí ó ní sùúrù tàbí tí ó fẹ́ dáko, kì í ṣe fún ẹni tí ń retí owó ilé.

Ìwé ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ sì pọn dandan kí ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ìní ilẹ̀ (C of O) tó lè ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Bákan náà, etí odò kì í ṣe ibi ìkọ́lé, gẹ́gẹ́ bí àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ti fi han Ìbàdàn.

Kí ẹni tí ó bá ń gbèrò àtirà lọ wo àdúgbò náà lásìkò òjò, kí ó sì bèèrè iye owó ilé lọ́wọ́ àwọn tí ń san án, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ilẹ̀.