Ewu Oyún Àìròtẹ́lẹ̀ àti Ìfètò-sọ́mọ-bíbí: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Trade Fair, Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin

Oyún àìròtẹ́lẹ̀ ni oyún tó dé nígbà tí obìnrin tàbí tọkọtaya kò tíì múra sílẹ̀ fún un, yálà nítorí pé ọmọ ọwọ́ kò tíì já lẹ́nu ọmú, tàbí nítorí pé iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ ti pé, tàbí nítorí pé ọmọbìnrin náà ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́. Nínú 100 obìnrin tó ń ní ìbálòpọ̀ déédéé láìlo ohun ìdènà oyún kankan, nǹkan bí 85 ni yóò ti lóyún kí ọdún kan tó yípo. Kì í ṣe oṣù kìíní ni gbogbo wọn yóò lóyún, nítorí náà obìnrin tí oyún kò bá dúró sí lára fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé òun kò lè lóyún.

Ìṣírò ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya gbójú lé, òun náà ló sì máa ń já wọn kulẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ oǹkà, bí kò ṣe nítorí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹyin obìnrin, èyí tí àtọ̀ ọkùnrin gbọ́dọ̀ bá pàdé kí oyún tó lè dúró, máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tó parí. Ẹyin yìí kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń dé ní ọjọ́ 24 síra, tí a bá ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ sí ọjọ́ kìíní, ẹyin rẹ̀ yóò jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, èyí tó fi hàn pé ìbálòpọ̀ ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, lè di oyún. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọkàn lè balẹ̀ jù. Tí àìsàn tàbí ìrònú bá sì sún ẹyin síwájú tàbí sẹ́yìn, obìnrin kò lè mọ̀ títí nǹkan oṣù yóò fi dé tàbí tí yóò fi kọ̀ láti dé.

Fífi àyè sáàárín ọmọ kì í ṣe àṣà àjèjì. Ìwádìí tí John Caldwell àti Pat Caldwell ṣe láàárín àwọn Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977, sọ nípa bí ìyálọ́mọ ṣe máa ń yàgò fún ọkọ rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà tó láti já lẹ́nu ọmú, nítorí pé ìtìjú ni kí oyún wà nínú kí ọmọ sì wà lẹ́nu ọmú. Yàrá tí ìyàwó dá ní àti ojú ìyá ọkọ tó ń ṣọ́ni nínú agbo ilé ló mú àṣà náà rọrùn. Nínú fúláàtì Festac, tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977, tàbí nínú yàrá kan tí gbogbo ìdílé jọ ń sùn, àwọn nǹkan méjèèjì ti kúrò, ṣùgbọ́n ewu tí àṣà náà ń dènà kò kúrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún, torí pé oyún tó sún mọ́ra jù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ìyá dín kù, kí wọ́n sì bí ọmọ láìpé oṣù. Ní Nàìjíríà, níbi tí ìwádìí ìjọba ní 2018 ti fi hàn pé nǹkan bí ìyá 512 ló ń kú lórí 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ohun ìdènà oyún pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ará ọjà kọ́kọ́ wò ni iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí ènìyàn rántí rẹ̀. Oníṣòwò tó ń jáde nílé ní ìdájí kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2 tó dí ọ̀nà, tó ń to ọjà sílẹ̀ ní ASPAMDA tàbí ní BBA, àwọn ọjà inú Trade Fair, tí kì í sì í délé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lè tètè gbàgbé oògùn oníhóró tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́. Nínú 100 obìnrin tó ń lo oògùn yìí bí ènìyàn ṣe máa ń lò ó, nǹkan bí 7 ni yóò lóyún láàárín ọdún kan. Ti rọ́bà ìdáàbòbò jẹ́ nǹkan bí 13, ti dída àtọ̀ síta sì jẹ́ 20. Ti abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta jẹ́ 4, pàápàá nítorí pé ọjọ́ máa ń yẹ̀ lórí àwọn tó ń gbà á. Ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 tàbí 5, àti ti kọ́ìlì oníbàbà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó lè lo ọdún 10, kò tó 1 nínú 100. Láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè, tí ara rẹ̀ sì gbà á, ti apá tàbí kọ́ìlì ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, torí pé nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè yọ ọ́ nígbàkigbà tí obìnrin náà bá tún fẹ́ bímọ.

Ìbẹ̀rù tó ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin kúrò nídìí abẹ́rẹ́ ni pé nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, wọ́n a sì máa rò pé ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò dì. Lóṣooṣù ni ara máa ń tẹ́ ibùsùn sínú ilé ọmọ de oyún, tí oyún kò bá sì dé, ibùsùn náà á wó, á jáde bí ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí ó nípọn, nítorí náà kò sí ohun tí yóò wó. Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi pa mọ́ fún obìnrin: lẹ́yìn tó bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, oyún lè pẹ́ tó nǹkan bí ọdún kan kó tó dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kì í sọni di àgàn. Kọ́ìlì oníbàbà ní tirẹ̀ lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i.

Kí nọ́ọ̀sì tó fúnni ní ohunkóhun, ó yẹ kó mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà, bóyá obìnrin náà ti lé ní ọdún 35 tó sì ń mu sìgá, tàbí bóyá ó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti wárápá, nítorí pé àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí ń sọ oníhóró àti ti apá di aláìlágbára. Rọ́bà nìkan ló ń dènà kòkòrò HIV pẹ̀lú oyún.

Tí rọ́bà bá bẹ́, tàbí tí ìbálòpọ̀ bá wáyé láìsí ààbò, oògùn pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní levonorgestrel wà ní kẹ́míìsì, èyí tó yẹ kí obìnrin lò láàárín ọjọ́ 3, tí kò sì gbọdọ̀ fi falẹ̀, torí pé agbára rẹ̀ ń dín kù bí wákàtí ṣe ń lọ. Ńṣe ló ń dá ẹyin dúró kó má tètè jáde. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró. Omi oníyọ̀, ògógóró, ọsàn wẹ́wẹ́ àti oògùn apakòkòrò kò lè dènà oyún, nítorí pé inú ikùn ni wọ́n ń lọ, àtọ̀ sì ti wọ ọ̀nà ilé ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí ọjọ́ 3 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà HIV.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí ohun ìdènà oyún jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún ìbọ̀wọ́ àti òwú. Kí àwọn ọkọ bá àwọn ìyàwó wọn lọ, kí wọ́n sì jọ béèrè ohun tí kò bá yé wọn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá yẹ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ 3 bá ti kọjá lórí ìbálòpọ̀ tí kò ní ààbò, kí ó ṣe àyẹ̀wò oyún kí ó tó lo oògùn kankan.