Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ará Ṣáínà Ṣe Bọ́ Sábẹ́ Ìjọba ní Màláyà

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi èdè Ṣáínà kọ́ ọmọ lé ní 1,290 ní orílẹ̀-èdè Màléṣíà lónìí, ìjọba ni ó sì ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ inú wọn; ṣùgbọ́n bí a bá wádìí ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn lélẹ̀, a kò ní í bá orúkọ gómìnà òyìnbó níbẹ̀. Àwọn tí a óò bá ni onísọ̀, awakùsà tánńganran, alágbàṣe inú oko rọ́bà, àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń dá owó jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, kí ọmọ wọn má baà di ẹni tí kò lè ka lẹ́tà tí baba àgbà rẹ̀ kọ sí i láti òkè òkun. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí ìjọba ń bọ́, àti ohun tí ó san kí ó tó wọlé, ni mo fẹ́ ròyìn.

Òwò àti iṣẹ́ ni ó gbé àwọn ará Fujian àti Guangdong ní Ṣáínà sọdá òkun wá sí Màláyà, ilẹ̀ tí ó wá di apá kan Màléṣíà, kì í ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ní aya àti ọmọ nílẹ̀ àjèjì kò lè ṣàì ro ọ̀rọ̀ ọ̀la, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Láti 1819 ni a ti gbúròó ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní erékùṣù Penang, irú èyí tí ọmọ ti ń jókòó síwájú olùkọ́ kan ṣoṣo, tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ Confucius lákàsórí ní ẹ̀ka èdè ìlú baba rẹ̀. Nígbà tí ó di 1904 ni Cheong Fatt Tze, ọlọ́lá inú ọlọ́lá, olówó tí òwò rẹ̀ kárí etíkun, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ Chung Hwa sílẹ̀ ní Penang kan náà ní ìlànà ìgbàlódé. Láti ibẹ̀ ni irú rẹ̀ sì ti ràn ká bí iná ẹ̀ẹ̀rùn.

Òyìnbó kò dá sí wọn títí di 1919, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Beijing tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ dé Màláyà. Ní 1920 ni òfin jáde pé kí ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ gbogbo wá forúkọ sílẹ̀, owó ìrànwọ́ díẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Pàṣán ni ìjọba kọ́kọ́ mú lọ́wọ́ wọlé tọ̀ wọ́n, kí ó tó mú oúnjẹ wá.

Ní 1951 ni ọ̀rọ̀ gbóná. Ìgbìmọ̀ kan tí Barnes ṣe alága rẹ̀, tí ó jẹ́ pé òyìnbó àti ọmọ ìbílẹ̀ Malay nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, dábàá pé kí gbogbo ọmọ, ìran yòówù tí wọ́n ìbáà ṣe, jọ máa lọ sí oríṣi ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, níbi tí a ó ti máa fi èdè Malay àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, kí ti Ṣáínà àti ti Tamil sì máa rọra kógbá sílé. Ariwo ta. Fenn, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Wu Teh-yao, ọmọ Ṣáínà, tí ìjọba tún pè láti wo ọ̀rọ̀ náà, ní kò sí ohun tí ó burú bí ọmọ bá gbọ́ èdè mẹ́ta, àti pé ẹni tí ó mọ èdè baba rẹ̀ kò ṣẹ ilẹ̀ tí ó ń gbé. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1952 kò gbọ́ tiwọn. Ti Barnes ni ó gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ti dìde: kí ọdún 1951 tó parí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Jiao Zong sílẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ sì dá Dong Zong tiwọn sílẹ̀ ní 1954.

Ẹni tí ó wá di ẹnu fún wọn ni Lim Lian Geok, ọmọ Yongchun ní Fujian, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Confucian ní Kuala Lumpur, akọ̀wé tí kálàmù rẹ̀ mú ju idà lọ, ẹni tí kò wá oyè tí kò sì wá owó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé Tunku Abdul Rahman, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Alliance, ní ìlú Malacca, nínú ilé Tan Cheng Lock, àgbà olóṣèlú tí ó jẹ́ pé, bí ọ̀rọ̀ ayé ti rí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni òun fúnra rẹ̀ kà. Ìdìbò ń bọ̀ ní oṣù Agẹmọ. Tunku bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe gbé ọ̀rọ̀ sísọ èdè Ṣáínà di èdè ìjọba jáde kí ìdìbò tó kọjá, kí àwọn alátakò má baà rí igi fi nà án. Ẹgbẹ́ rẹ̀ náà yóò sì ṣe ìlérí fún àwọn ará ìlú pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìran kankan tí àwọn yóò pa run. Wọ́n gbà fún un. Alliance jẹ ìjókòó 51 nínú 52. Ní tèmi, Lim kò ṣe aṣiwèrè nígbà tí ó gbà, nítorí ẹni tí kò ní ìbò púpọ̀ lọ́wọ́ kò ní ohun mìíràn láti fi ná ọjà bí kò ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí àwọn ènìyàn tún gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.

Èrè ìdákẹ́jẹ́ náà ni ìròyìn Razak, mínísítà ẹ̀kọ́, ti 1956, tí ó di òfin ní 1957, ọdún òmìnira gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣáínà wọ inú ètò ìjọba pẹ̀lú èdè rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a bèèrè ni pé kí ìlànà ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri, kí ọmọ mọ odò àti òkè Màláyà kí ó tó mọ ti Ṣáínà, kí ó sì kọ́ èdè Malay mọ́ tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ó sì sàn ju ti Barnes lọ fíìfíì. Síbẹ̀ gbólóhùn kan wà nínú ìròyìn náà, pé ní ìkẹyìn èdè Malay ni a fẹ́ kí ó di èdè tí a ó máa fi kọ́ni. Gbólóhùn yìí ni Lim tẹjú mọ́, tí kò sì mójú kúrò.

Òfin ẹ̀kọ́ ti 1961 ni ó fi hàn pé ojú rẹ̀ ríran. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó bá ń fẹ́ owó ìjọba, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Malay kọ́ni. Èyí tí kò bá fẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ 1962 kò sí owó fún un mọ́. Ọwọ́ tí ń fúnni ní ń lékè. Lim ń pariwo pé kí wọ́n kọ owó náà. Ìjọba gba ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dìde láti gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó bá wọn ṣe ẹjọ́ títí di 1964, ó sì jẹ̀bi. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Ṣáínà tí ó lé ní 50 gba owó, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò tó 20 kọ̀ ọ́. N kò dá àwọn tí ó gbà lẹ́bi, nítorí owó oṣù olùkọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu san. Ṣùgbọ́n láti 1970 ni Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ fún èdè Malay, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sì bá a lọ: ewé tí ó pẹ́ lára ọṣẹ ti di ọṣẹ.

Àwọn tí ó kọ owó jìyà, kí ìkówójọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Perak ní 1973 tó gbé wọn dìde. Ní 1975 wọ́n dá ìdánwò tiwọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba owó pẹ̀lú ti dá ẹ̀ka aládàáni sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogiri, fún àwọn ọmọ tí kò rí ààyè nínú èyí tí ìjọba gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni wọn ti lé ní 60 lónìí.

Ní ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù kò tán. Òfin 1961 kan náà fún mínísítà lágbára láti sọ èyíkéyìí nínú wọn di ti èdè Malay nígbà tí ó bá wù ú, a kò sì yọ ọ́ títí di 1996. Ní 1987, nígbà tí wọ́n yan àwọn tí kò kàwé Ṣáínà sí ipò olórí nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ènìyàn péjọ sí tẹ́ḿpìlì Thean Hou ní Kuala Lumpur láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọba fi kó olórí Dong Zong àti ti Jiao Zong pẹ̀lú àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹlòmíràn sí àtìmọ́lé. Ní 2023 ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wíwà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà kò lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ náà.

Àwọn ọmọ Malay àti ti Íńdíà ń jókòó nínú kíláàsì wọn báyìí. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ṣì ń gbé igbá ìtọrẹ kiri fún òrùlé àti àga, nítorí owó oṣù olùkọ́ ni ìjọba ń san tán, kì í ṣe ohun gbogbo. Àṣẹ láti dá tuntun sílẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí abúlé àtijọ́ bá ṣófo tí ọmọ kò sì ju ìwọ̀nba lọ nínú kíláàsì, ìwé àṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń tọrọ láti gbé lọ sí ìlú ńlá, kí wọ́n sì fi orúkọ àtijọ́ kọ́ ilé tuntun síbẹ̀.