Arizona: Iná ń lọ sí ìlú ńlá, òkùnkùn ń bo ilé àwọn Navajo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà Navajo ní ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gan-an nìyẹn.

Aṣálẹ̀ ló gba apá púpọ̀ ní Arizona. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ooru sì ń mú débi pé ẹ̀rọ amúlétutù ti di kòṣeémánìí ní Phoenix, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Nítorí àìtó omi, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi kan tó gùn tó 540 kìlómítà, èyí tó ń gbé omi odò Colorado lọ sí Phoenix àti Tucson. Omi ọ̀hún ní láti gun òkè kó tó débẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń fà á, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná.

Ìdí pàtàkì nìyí tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá Navajo Generating Station sórí ilẹ̀ àwọn Navajo, nítòsí ìlú Page. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1974. Èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ àwọn Navajo àti ẹ̀yà Hopi ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀, reluwé ló sì ń kó o wá. Ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ lè pèsè 2,250 mẹ́gáwáàtì. Yàtọ̀ sí Arizona, iná náà dé Las Vegas àti Los Angeles.

Àmọ́ wáyà ńlá kàn ń gba ilẹ̀ àwọn Navajo kọjá ni. Agbára iná inú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ilé lè lò lọ, ilé wọn sì jìnnà síra. Láti ri òpó dé ilé kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Àtùpà àti jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò.

Lóòótọ́, àwọn Navajo rí iṣẹ́ níbẹ̀, ìjọba wọn náà sì ń rí owó gbà lórí èédú. Ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ gáàsì di ohun tó dínwó ju èédú lọ, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní oṣù kọkànlá, ọdún 2019. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2020, wọ́n wó ihò èéfín rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lulẹ̀.

Ní báyìí, oòrùn tó ń jó ilẹ̀ wọn ti di ohun èlò. Láti ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ iná tó jẹ́ tàwọn Navajo fúnra wọn ti ń fi í pèsè iná ní Kayenta. Láti ọdún 2019 sì ni àwọn òṣìṣẹ́ iná láti ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń wá bá wọn ri òpó. Síbẹ̀, lọ́dún 2022, ilé tó lé ní 10,000 ni kò tíì ní iná káàkiri ilẹ̀ Navajo.

Iṣẹ́ èédú ti lọ, owó rẹ̀ náà ti lọ. Wáyà ńlá ṣì ń kọjá lókè.