Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Tún Ṣe: Èló Ló Yẹ Ká Rà Á?

Ọ̀rọ̀ méjì la sábà máa ń lò fún ọkọ̀ tí kì í ṣe tuntun: àlòkù àti tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni èkejì yìí jẹ́ kó tó di orúkọ ọkọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ ni pé ẹnìkan ti lò ó rí, nítorí náà owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. A kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún ọkọ̀ tó ti gbó, tí kò lè rìn mọ́, síbẹ̀ tí owó rẹ̀ ju ti tuntun lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń ta irú rẹ̀ fún àwọn tó ń wọn irin rà.

Ní oṣù kejì ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Artcurial ta ọkọ̀ 59 ní gbàǹjo nílùú Paris. Ọ̀gbẹ́ni Roger Baillon ló kó wọn jọ. Ó fẹ́ fi wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, àmọ́ òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà sì wà lóko ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ferrari 250 GT SWB California Spider kan wà láàárín wọn, èyí tí òṣèré Alain Delon lò rí. Òkìtì ìwé ìròyìn ló bò ó nígbà tí wọ́n rí i. Mílíọ̀nù 9.5 sí 12 yúrò ni wọ́n dá lé e kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Mílíọ̀nù 16.3 ló lọ, pẹ̀lú eruku lára.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni bóyá ọkọ̀ náà ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Gbígbó kọ́ ni ṣíṣọ̀wọ́n. Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe káàkiri ayé. Èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ l'Ékòó láti ọdún 1975 kò ṣọ̀wọ́n rárá, kódà bí igi bá ti hù nínú rẹ̀. Èyí tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì, tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní oṣù kẹta ọdún 1953, ni àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ń wá. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹyin títí di ọdún 1957, náà ní olùwá tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá iye tí wọ́n ta irú rẹ̀, ẹ má wo iye tí wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń pe mílíọ̀nù mẹ́wàá lè pè é fún ọdún márùn-ún láìrí ẹni dá a lóhùn. Gbàǹjo kan ṣoṣo kò sì tó, bí abẹ́nà-ìmọ̀ kan ṣoṣo kò ṣe tó fún wa lóko ìwádìí. Ẹ rántí pé owó tí ilé gbàǹjo ń kéde sábà máa ń ní ẹ̀yáwó tiwọn nínú. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dé ọwọ́ ẹni tó ta ọkọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ wá rí báyìí. Ká sọ pé èyí tí wọ́n tún ṣe dáadáa ń lọ ní 100, tí àtúnṣe yóò sì gba 60. Ó yẹ kí èyí tó ti bàjẹ́ lọ ní 40 tàbí kó dín díẹ̀, nítorí àtúnṣe kì í dúró síbi tí a fojú sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà ara rẹ̀, awọ ìjókòó rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó bá jáde ní ilé-iṣẹ́, ìṣirò yẹn kò tó mọ́. Ìgbàkúgbà la lè kun ọkọ̀. A kò lè dá ọ̀dà àkọ́kọ́ padà.

Ibí ni àwọn tó ń tà ti máa ń fi ọ̀rọ̀ náà "ojúlówó" gbá wa lójú. Eruku yàtọ̀ sí ìpẹtà. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ, kí ẹ sì mú òòfà dání: bó bá jẹ́ irin ni ara ọkọ̀ náà, ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀, àmọ̀ tí wọ́n fi dí ihò ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Lójú tèmi, ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà kì í ṣe ìtàn. Owó tí ẹ ó san ni.

Lóòótọ́, Bugatti ọdún 1925 kan wà tí wọ́n fà jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Maggiore ní ọdún 2009, tí ìpẹtà ti jẹ apá kan ara rẹ̀ tán. €260,500 ni wọ́n tà á. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló lọ, wọn kò sì tún un ṣe. Èyí kì í ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnikẹ́ni.

Ìjàpá onígíláàsì ẹyin kan wà nílé wa, ti bàbá bàbá mi. Ní ọdún 2019, ẹnìkan wá láti Èkó, ó ní òun fẹ́ ẹ bó ṣe wà. Ó gba ìwé ọkọ̀, ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn, ó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi aṣọ nu ara ẹ́ńjìnnì, ó ka nọ́ńbà tibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde. Mẹ́káníìkì kan ti fi ẹ́ńjìnnì tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́ láyé ìgbà kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti ta ti àkọ́kọ́ fún àwọn onírin. Ìdajì owó tó kọ́kọ́ pè ni ọkùnrin náà san. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì ń béèrè onírin yẹn kiri títí di òní.