Bí Ààyè Bá Kún Lórí Dẹ́kódà: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Díìsìkì

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti Ugbonla, ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ní dẹ́kódà òun máa ń gba ètò sílẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń sọ pé ààyè ti kún. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe lè fi ààyè kún un. Ó ṣeé ṣe lórí ọ̀pọ̀ dẹ́kódà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ugbonla ní láti ro ọ̀rọ̀ iná, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ àti òkun mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú dẹ́kódà tí ẹ ní. Àwọn kan wà tí díìsìkì ti wà nínú wọn láti ilé iṣẹ́. Explora tí MultiChoice gbé jáde ní 2013 wà lára wọn: díìsìkì TB 2 ló wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ètò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ fúnra wọn. Bí irú èyí bá kún, ẹ pa ohun tí ẹ ti wò rẹ́, ẹ má tú u. Òótọ́ ni pé nígbà tí TiVo jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999, tí èyí tó kéré jù ń gba wákàtí 14 péré, àwọn èèyàn tú u, wọ́n sì ki díìsìkì tó tóbi bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ètò tí dẹ́kódà olówó oṣù bá gbà sílẹ̀ sábà máa ń wà ní títì pa. Bí ẹ bá pààrọ̀ díìsìkì, ẹ lè pàdánù gbogbo rẹ̀.

Irú kejì ni dẹ́kódà tó ní ojú USB lẹ́yìn tàbí níwájú, tó sì ń gba ètò sórí ohun tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́. Èyí ni ẹ lè fi ààyè kún.

Báwo ni ààyè náà ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Wákàtí kan lórí ìkànnì lásán máa ń gba nǹkan bíi GB 1. Ti HD lè gba GB 3 sí 4. Nítorí náà, fìláàṣì GB 16 á gba nǹkan bíi wákàtí 14 lórí ìkànnì lásán, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù méjì ní HD ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Díìsìkì GB 500 á gba ohun tó lé ní 120 wákàtí ní HD. Kí ẹ tó náwó rárá, bí ìkànnì kan náà bá wà ní HD àti láìsí HD, ẹ fi ti lásán gba ìròyìn àti ìwàásù. Ẹ pa HD mọ́ fún bọ́ọ̀lù àti fíìmù.

Bí ẹ bá ń ra fìláàṣì, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Wọ́n á kọ TB 2 sí i lára, GB 32 ló wà nínú rẹ̀. Ó á máa gbà lọ bíi pé kò sí nǹkan, títí ẹ ó fi fẹ́ wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dán an wò kí ẹ tó sanwó. H2testw ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Windows.

Ohun mìíràn ni FAT32, ọ̀nà tí wọ́n fi to ọ̀pọ̀ fìláàṣì. Fáìlì tó bá ju GB 4 lọ kò lè wọ inú rẹ̀. Dẹ́kódà mìíràn á gé ètò sí wẹ́wẹ́, òmíràn á kàn dúró láàárín. Ẹ lọ sí ibi ètò dẹ́kódà, kí òun fúnra rẹ̀ fọ́máàtì díìsìkì náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fọ́máàtì á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ó wá kan iná. Ó lé ní ọdún 10 tí etíkun Ìlàjẹ fi wà láìsí iná ìjọba, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni wọ́n fi ń gbé e. Bí iná bá já lójijì nígbà tí dẹ́kódà ń kọ nǹkan sórí díìsìkì, ètò tó ń gbà lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà náà lè dàrú, àwọn ètò àtijọ́ á sì dà bíi pé wọn ò sí mọ́. Ẹ so dẹ́kódà mọ́ bátìrì sólà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ni, ẹ dá gbígbà dúró kí ẹ tó pa á, ẹ má sì jẹ́ kí epo tán mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ tún mọ̀ pé iná tí ojú USB ń fúnni kò pọ̀, díìsìkì tó ń yí lè kọ̀ láti jí. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, ìgbì tó ń gbọn ọkọ̀ láti Igbókòdá kò sì ní tètè ṣe é ní nǹkan.

Afẹ́fẹ́ òkun ń mú kí irin ojú USB dípẹtà. Díìsìkì tí ẹ ò bá lò, ẹ nù ún kó gbẹ, kí ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí tó lẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ká mi lára jù ni òkun. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, wà ní etíkun kan náà, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ lọ. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe ètò nípa ìlú yín, tí ẹ rí ilé bàbá yín nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wà lórí díìsìkì dẹ́kódà nìkan. Ohun tí ẹ bá gbà láti ìkànnì ọ̀fẹ́ sábà máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà: ẹ dà á kọ sí ibòmíràn, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹbí yín tó wà ní òkè. Bó bá wà ní títì, ẹ fi fóònù gbà á lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò ní mọ́ tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó sàn ju kó sọnù.

Ẹni tó bá tún ní ìbéèrè, kó fi ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.