Ṣé O Mọ̀ Pé Eruku Irin Ń Jẹ Ẹ̀rọ Rẹ?

Ìwọ tó ní gíráńdà àti dírílì ní ṣọ́ọ̀bù, sún mọ́ mi díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gíráńdà ọwọ́ kékeré tí o fi ń gé irin lè yí nígbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan? Kí o tó pe “háà”, ó ti yí po nígbà 183!

Etí díìsì rẹ̀, ìyẹn oní-mìlímítà 115, ń sá tó kìlómítà 238 ní wákàtí kan. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? Eré 150 ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣé o mọ ohun tó ń gé irin lára díìsì yẹn? Ohun kan náà tí òkúta rúbì àti sàfáyà jẹ́ ni! Lórí òṣùwọ̀n líle òkúta tí Mohs ṣe, 9 ló gbà nínú 10. Dáyámọ́ńdì ló gba 10.

Ẹ̀ta iná tó ń fò yẹn ńkọ́? Irin ni. Irin tó ń jó nínú afẹ́fẹ́!

Bẹ́ẹ̀ ni, irin ń jó. Bátìrì kékeré oní-fóltì 9 lè mú kànrìnkànrìn irin tó fẹ́lẹ́ gbiná. Tó bá jó tán, ó máa ń wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbọ́ ìyẹn!

Wàyí o, eruku gan-an. Irun orí rẹ fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 70. Ojú lásán kì í sábà rí ohun tí kò bá tó 40. Eruku gíráńdà lè má tó 10.

Mú irin tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 péré. Lọ̀ ọ́ di ẹyọ oní-máíkírọ́ọ̀nù 10. Mélòó ni wàá rí? Mílíọ̀nù kan!

Ibo ni gbogbo wọn ń lọ? Inú gíráńdà fúnra rẹ̀ ni àwọn kan kọ́kọ́ ń wọ̀. Fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé látẹ̀yìn, àárín wáyà kọ́pà ló ń gbà kọjá. Eruku tó ń gbé iná, láàárín wáyà iná!

Òróró tó ya irin nípa nínú bíárìn kì í sábà nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 1. Jẹ́ kí eruku oní-10 há síbẹ̀ wò.

Ṣé o mọ gíríìsì oníyanrìn tí mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìnì? Bí eruku díìsì bá pàdé gíríìsì lára ẹ̀rọ rẹ, o ti po irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Fi ìka mú un, fi àtàǹpàkò ra á: á dúdú, á máa ṣe ṣàkàṣàkà bíi gààrí tí omi kò tíì wọ̀.

Má ṣe fi atẹ́gùn fọganáísà fọ́n ọn o! Inú ni yóò tì í sí. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí o fi gbá a, kí o tó fi àkísà olóróró nù ún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Wá òòfà inú sípíkà àtijọ́. Fi ọ̀rá wé e, kí o rìn ín lórí tábìlì. Eruku irin á fò mọ́ ọn, á dìde ṣánṣán bí ẹ̀gún òòrẹ̀! Yí ọ̀rá náà sóde kí o fa òòfà yọ: gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá gbé òòfà síbẹ̀ láìwé e, kò ní í mọ́ mọ́ bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdẹ àti alumíníọ̀mù? Òòfà kì í mú wọn.

Alumíníọ̀mù kò sì ṣeé fi ṣeré. Eruku rẹ̀ àti irin tó ti dógùn-ún, bí wọ́n bá gbiná pọ̀, ooru wọn ju dígírì 2,000 lọ! Hans Goldschmidt ará Jámánì gbàwé àṣẹ lé e lórí ní 1895. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń jó irin reluwé pọ̀. Nítorí náà, má lọ àwọn méjèèjì lórí òkúta gíráńdà kan náà.

Kódà irin tí kì í dógùn-ún, eruku irin lásán lè mú kí ó dógùn-ún.

Bí o bá sì dé ọjà Ládípò láti ra bíárìn, ka nọ́ńbà rẹ̀. 6204? Fi 5 sọ 04 di púpọ̀: ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. 6205? 25! Bí o bá rí 2RS lẹ́yìn rẹ̀, rọ́bà ló bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí eruku má baà wọlé. Ìyẹn ni kí o mú.

Kí o tó tan gíráńdà lọ́la, gbé abala páànù kan dí àárín òun àti dírílì rẹ, kí ẹ̀ta iná má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.